Kóòṣì tó ń tọ́ ọmọ fún ẹlòmíràn: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ kóòṣì JUCO ní Amẹ́ríkà?

Bi ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà dáadáa pé kóòṣì wo ló borí jù lọ láàrin àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn. Mike Krzyzewski ni yóò dárúkọ, ọ̀gá Duke tó fẹ̀yìn tì ní 2022 lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ tó darí ti jáwé olúborí nígbà 1,202. N kò ní bá a jiyàn púpọ̀, orúkọ tí tẹlifíṣọ̀n ń pè sí gbogbo wa létí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Poplar Bluff, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gene Bess. Nǹkan bí 50 ọdún ló lò lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, ní Three Rivers College. Nígbà tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2020, ìgbà 1,300 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti borí. Ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mejì, ní 1979 àti ní 1992. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan nílé ẹ̀kọ́ náà. Síbẹ̀, èèyàn lè fi 20 ọdún wo NBA kó má gbọ́ “Bess” rí.

Ohun tó fà á ni pé yunifásítì kọ́ ni Three Rivers. Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní community college tàbí junior college, tí àwọn eléré ìdárayá gé kúrú sí JUCO. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà OND àti Direct Entry nílé wa ti lóye rẹ̀ dé ìdajì: ọmọ á lo ọdún méjì níbẹ̀, á gba ìwé-ẹ̀rí, tó bá wù ú á kó máàkì rẹ̀ dání lọ sí yunifásítì láti parí èyí tó kù. Joliet Junior College, tí kò jìnnà sí Chicago, ló pẹ́ jù nínú èyí tí ìjọba ń ná owó sí. 1901 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ wọn kò ga bíi ti yunifásítì, ilẹ̀kùn wọn sì ṣí fún ẹni tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò dán. Nínú kíláàsì kan náà, o lè rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, àti ọmọ ọdún 18 kan tó ga bí ọ̀pẹ, tí orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ tábìlì.

Ọmọ tó ga bí ọ̀pẹ yẹn ló gbé wa dé ibí.

Ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ JUCO ni NJCAA. Fresno ní California ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1938, ilé ẹ̀kọ́ bí 500 ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ipele mẹ́ta ni wọ́n pín bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin sí. Ipele kìíní lè sanwó ohun gbogbo fún agbábọ́ọ̀lù: owó ilé ẹ̀kọ́, ìwé, ibi tí yóò sùn àti oúnjẹ tí yóò jẹ. Ipele kejì lè san ti ẹ̀kọ́ àti ìwé, kò lè san ti oúnjẹ àti yàrá. Ipele kẹta kì í san kọ́bọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. California yà sọ́tọ̀ pátápátá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, òfin wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé “kóòṣì JUCO” lòun, béèrè ipele tó wà àti ìpínlẹ̀ tó wà kí o tó mọ irú ayé tó ń jẹ.

Ọdún méjì péré ni agbábọ́ọ̀lù kan lè lò lábẹ́ kóòṣì JUCO. Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, kóòṣì yunifásítì lè gba ọmọ ọdún 18, kó jókòó tì í fún ọdún mẹ́rin, kó máa wò ó bó ṣe ń gbó. Kóòṣì JUCO kò ní àyè yẹn. Ọdún kìíní, ọmọ ń kọ́ bó ṣe máa jí ní agogo márùn-ún àárọ̀. Ọdún kejì, ó ti ń gba fóònù látọ̀dọ̀ àwọn yunifásítì tó fẹ́ ẹ. Bó ṣe ń mọ ohun tí kóòṣì ń sọ láì jẹ́ pé ó là á sílẹ̀ gooro, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ìdajì ẹgbẹ́ ń lọ lọ́dọọdún, nígbà mìíràn gbogbo wọn. Tí o bá padà wo 1,300 tí Bess kó jọ, ronú lórí iye ìgbà tó ti tún ẹgbẹ́ kọ́ láti ìpìlẹ̀. Latrell Sprewell, tó di ìràwọ̀ ní Golden State àti New York, kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó lo ọdún méjì ní Three Rivers, ó lọ sí Alabama, ó wọ NBA. Alágbàtọ́ ni Bess. Àwọn tó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ayé ń bá yọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò jọ èyí tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọkùnrin kan ti wọ kóòtù, tí igbákejì márùn-ún jókòó tì í, tí ẹnì kan ń fún un ní omi. Ní ọ̀pọ̀ JUCO, kóòṣì ló ń wá ọmọ, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì, òun ló ń wo aṣọ tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ara líle ní ọ̀sán, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń wá láti ibẹ̀ ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Òun náà ni ẹni tí ọmọ ń pè lóru tí kò bá sí oúnjẹ nínú yàrá.

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò hàn sí ẹni tó ń wòran rárá, òun ló sì le jù: ìṣirò máàkì. NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí àwọn yunifásítì ńlá, kì í gba ọmọ JUCO wọlé sí ipele kìíní wọn tí GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, kò bá tó 2.5. Ọmọ tí èsì girama rẹ̀ kò dára tó nígbà tó jáde níléèwé gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì náà pátá kó tó kọjá. Kóòsì kan tí yunifásítì kò bá tẹ́wọ́ gbà lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ìdí nìyí tí kóòṣì JUCO tó mọṣẹ́ fi máa ń mọ ìwé ìlànà NCAA lórí, tó sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ìṣirò láti rí i pé ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi irú kóòṣì yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́pàá ni. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó ń wá ọ̀nà kí o lè jáde ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú, wo John Mosley ti East Los Angeles College, ẹni tí Netflix ya fíìmù nípa rẹ̀, tó jáde ní 2021. Kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó lè fún ọmọ kankan, nítorí California ni. Ní sáà 2019 sí 2020, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìdíje 29, wọ́n pàdánù ẹyọ kan. Wọ́n ń múra láti gbá ìdíje ìkẹyìn ti ìpínlẹ̀ nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní oṣù kẹta 2020, tí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Fún kóòṣì yunifásítì, ìjákulẹ̀ nìyẹn. Wọn á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Fún ti JUCO, àwọn ọmọ yẹn ti lọ.

Àwọn tó gun àkàbà, àwọn tó dúró

Bí Bess ṣe dúró síbi kan kọ́ ni gbogbo wọn ń ṣe. Láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀nà méjì ti wà nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan á fìdí kalẹ̀, wọ́n á di bàbá ìlú. Steve Green ti South Plains College ní Levelland, Texas, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 2008, ní 2012 àti ní 2018 láì kúrò lójú kan. Àwọn kejì fi JUCO ṣe àtẹ̀gùn.

Jerry Tarkanian ló là á mọ́lẹ̀. Ní Riverside City College àti Pasadena City College ní California, láti 1961 sí 1968, ó gba ife ìpínlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Long Beach State, kó tó dé UNLV ní Las Vegas. Kò gbàgbé ibi tó ti wá: nígbà tí àwọn kóòṣì mìíràn ń fojú pa ọmọ JUCO rẹ́, òun ń wá wọn kiri. Ní 1990, ó gbé Larry Johnson, ọmọ tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Odessa College ní Texas, lọ pàdé Duke ti Krzyzewski nínú àṣekágbá NCAA. 103 sí 73 ni UNLV fi na Duke. Àlàfo 30 nìyẹn!

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Krzyzewski tún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ JUCO mìíràn. Nolan Richardson ni, ọmọ adúláwọ̀ láti El Paso, tó kọ́ àwọn ọmọ girama kó tó lọ sí Western Texas College, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Snyder, ní 1977. Sáà mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Ní sáà kẹta, ìyẹn 1980, ìdíje 37 ni wọ́n gbá, 37 ni wọ́n borí, wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Yunifásítì Tulsa pè é, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Tulsa, Paul Pressey wà lára wọn, ẹni tó padà di àgbà agbábọ́ọ̀lù ní Milwaukee. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n gba ife NIT, ìdíje yunifásítì tó tẹ̀ lé ti NCAA. Arkansas mú un ní 1985. Ní 1994, ó na Duke ní 76 sí 72, ó gba ife NCAA. Òun nìkan ni kóòṣì tó ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti JUCO, NIT, àti NCAA.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tulsa dáadáa, nítorí ó ṣàlàyé bí ọjà yìí ṣe rí. Kì í ṣe Richardson nìkan ni Tulsa rà. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ti borí pọ̀, ni wọ́n rà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí yunifásítì bá fẹ́ gba kóòṣì JUCO gẹ́gẹ́ bí igbákejì, wọ́n máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ àwọn tó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ìwà yẹn kò mọ́ tó, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló tibẹ̀ rí oúnjẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà náà ni Hutchinson, ní Kansas. Láti 1949 ni ìdíje àṣekágbá orílẹ̀-èdè fún JUCO ti ń wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún. Àwọn igbákejì kóòṣì láti yunifásítì gbogbo á jókòó sórí àga pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, wọ́n á máa wo ta ló lè fò, ta ni kì í bínú tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò. Kóòṣì tó bá gbé ẹgbẹ́ dé Hutchinson ti fi ara rẹ̀ sórí àtẹ náà.

Ohun tó dé lójijì

Láti lóye ohun tó ń dààmú àwọn kóòṣì yìí báyìí, a ní láti mọ ohun tó jẹ́ kí ọjà wọn tà tẹ́lẹ̀. Òfin NCAA nígbà náà ni pé ọmọ tó bá kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó fún ọdún kan gbáko kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ JUCO kì í jókòó. Ó dé lónìí, ó gbá lọ́la. Nítorí náà, tí kóòṣì yunifásítì kan bá ń wá ẹni tó ti dàgbà, tó lágbára, tí yóò dí ihò kan lójú ẹsẹ̀, ẹnu ọ̀nà JUCO ló ń kàn.

Àǹfààní yẹn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. NCAA ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹwàá 2018, tí gbogbo èèyàn ń pè ní “portal”, tí ọmọ tó bá fẹ́ kúrò níbi tó wà lè kọ orúkọ sí. Ní 2021, wọ́n ní ẹni tó bá ń kúrò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní jókòó mọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n yọ ìdènà tó kù: iye ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o lọ, bí máàkì rẹ bá ṣáà ti dára. Kí ni kóòṣì ńlá tún ń wá lọ sí Levelland nígbà tó lè mú ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì fún ọdún mẹ́ta, tí fídíò rẹ̀ wà nílẹ̀, tó sì ti bá àwọn tó gbó bíi tirẹ̀ jà?

Owó náà tún dé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2021, agbábọ́ọ̀lù yunifásítì lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House, tó ní kí àwọn yunifásítì lè máa pín owó fún àwọn eléré wọn tààrà, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́. Àdéhùn kan náà ló ní kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n má ju ọmọ 15 lọ. Ẹ fi èyí kún un pé nígbà Kòrónà, NCAA fi ọdún kan ta gbogbo eléré lọ́rẹ, tí àwọn ọmọ ọdún 23 àti 24 fi kún inú yunifásítì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama kò ríbi wọ̀ mọ́.

Ibo ni ọmọ yẹn ń lọ? JUCO ni. Ohun tó yani lẹ́nu nìyí: ọjà tó ń wọ̀ ọ́ wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kóòṣì tó máa ń bẹ àwọn ọmọ tí máàkì wọn kò pé ti wá ń rí ọmọ tó ní máàkì, tó ga, tó mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ tí kò sí yunifásítì tó fẹ́ fi àga sílẹ̀ fún un. Ó gbà á, ó tọ́ ọ fún oṣù mẹ́jọ, ọmọ náà gbá dáadáa, yunifásítì kékeré kan gbé e lọ lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, yunifásítì ńlá gbé e kúrò lọ́wọ́ ìyẹn náà, ó sì san owó tó pọ̀ fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ jí i ní agogo márùn-ún àárọ̀ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọdún méjì ni alágbàtọ́ yìí ní. Báyìí, kò dá a lójú pé yóò rí ọdún kan àbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Diego Pavia dé. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kọ́ lòun ń gbá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kan gbogbo ilé JUCO. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní New Mexico Military Institute, tó jẹ́ JUCO, kó tó lọ sí New Mexico State, kó tó dé Vanderbilt. NCAA ní sáà tó lò ní JUCO wà lára sáà mẹ́rin tí òfin fún un. Pavia ní kí ló dé tí ẹ ó fi ka ibi tí ẹ kò darí, tí kò sí owó tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, mọ́ mi lọ́rùn? Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 2024, Adájọ́ William Campbell ní Nashville fún un láṣẹ láti gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, NCAA fún àwọn tó wà ní irú ipò rẹ̀ láyè fún sáà 2025 sí 2026. Pavia gbá sáà náà, ó sì ṣe ipò kejì nínú ìdìbò fún Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin tó dára jù ní yunifásítì. Àwọn mìíràn ti gba kóòtù lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Tí òfin bá padà dúró sí ibi tí Pavia fẹ́, tí sáà JUCO kò bá jẹ ọdún ọmọ mọ́, ọjà àwọn kóòṣì yìí á tún yí bìrí. Òbí tó ní ọmọ ọdún 18 tí ara rẹ̀ kò tíì le á rò ó pé kó lọ gbó ní JUCO ná, níwọ̀n ìgbà tí ọdún mẹ́rin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó bá dé yunifásítì. Àwọn kóòṣì kan ń retí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kó gbogbo ìrètí rẹ̀ lé adájọ́ lórí. Ohun tí kóòtù kan bá fúnni, kóòtù mìíràn lè gbà á.

Ta ló ń kọ́ ta báyìí?

Nǹkan kan wà tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí tí n kò tíì gbọ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ. Àwọn yunifásítì ńlá ti di JUCO. Kóòṣì wọn náà ń tún ẹgbẹ́ kọ́ lọ́dọọdún báyìí. Àwọn náà ń gba ọmọ tí wọn kò mọ̀ ní oṣù kẹfà, tó gbọ́dọ̀ borí fún wọn ní oṣù kọkànlá. Ó le fún àwọn tó ti mọ́ lára láti tọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin. Tony Bennett ti Virginia, tó gba ife NCAA ní 2019, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024 nígbà tó ku díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 55, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ètò tuntun yìí kò bá òun mu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Texas Tech. Ní 2021, Mark Adams ni wọ́n fi ṣe kóòṣì, ẹni tó gba ife JUCO ní 2010 pẹ̀lú Howard College ní Big Spring. Jae Crowder, tó padà wọ NBA, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Adams fipò sílẹ̀ ní 2023, ẹni tí wọ́n pè ni Grant McCasland, tó gba ife JUCO ní 2007 pẹ̀lú Midland College, ìlú tí kò jìnnà sí Big Spring. McCasland ti gba ife NIT pẹ̀lú North Texas lọ́dún yẹn. Ní 2025, ó gbé Texas Tech dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ìdíje NCAA. Chris Jans ti Mississippi State náà ti ṣe kóòṣì ní Chipola àti Howard rí. Ohun tí àwọn yìí kọ́ nínú bọ́ọ̀sì JUCO ni gbogbo èèyàn ń wá kiri lónìí.

Ẹnu ọ̀nà sì ṣí síi, nítorí láti 2023 ni NCAA ti gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti fi igbákejì méjì kún mẹ́ta tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ kóòṣì tó lo ọdún mẹ́ta ní JUCO lè rí àga níbẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì ga ju ti ọ̀gá tó fi sílẹ̀ lọ. Èyí ni kò jẹ́ kí irú Bess tún wọ́pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá dúró ń wo bí ọmọ ṣe ń lọ, bí igbákejì rẹ̀ ṣe ń lọ, òun nìkan ló kù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn. Ní Three Rivers, ọmọ Bess, Brian, ni wọ́n fi rọ́pò bàbá rẹ̀. N kò mọ ilé ẹ̀kọ́ mélòó ni ó tún lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tiwa nínú rẹ̀

Kí Yorùbá tó ń ka èyí má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni kí Amẹ́ríkà máa jẹ. Láti ìgbà tí Hakeem Ọlájùwọ́n ti kúrò ní Èkó lọ sí Houston ní 1980 ni àwọn kóòṣì wọn ti ń fojú wá ọmọ gíga wa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń balẹ̀ sí Houston. Masai Ujiri, tó dàgbà ní Zaria, tó sì darí Toronto Raptors nígbà tí wọ́n gba ife NBA ní 2019, gba Bismarck State College kọjá, JUCO kan ní North Dakota, níbi tí òtútù ti ń bó ènìyàn láwọ. Ime Udoka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó gbé Boston Celtics dé àṣekágbá NBA ní 2022, tó sì ń kọ́ Houston Rockets báyìí, bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní ìlà-oòrùn Utah. Àwọn òbí máa ń bi mí bóyá JUCO jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gidi. Mo máa ń sọ ìtàn àwọn méjèèjì yìí fún wọn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ béèrè ipele tó wà, kí wọ́n mọ̀ bóyá oúnjẹ ọmọ wà nínú owó náà.

Ọ̀nà tuntun ti ń yọ pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá 2025, Baylor gba James Nnaji, ọmọ Nàìjíríà tí ẹgbẹ́ NBA ti yàn ní ipò 31 ní 2023, tó sì ti gbowó gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona. NCAA fún un ní ọdún mẹ́rin. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Fún kóòṣì JUCO, ohun tó sọ ni pé yunifásítì lè lọ mú géńdé tó ti jẹun bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù láàárín sáà, láì kan ilẹ̀kùn òun.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti físà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde tó fi Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin kún àwọn tí wọn kò ní fún ní irúfẹ́ físà kan láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Físà F, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà, wà lára rẹ̀. Togo ti wà nínú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà 2025. Ẹni tí físà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ ọmọ tó ṣì wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu pẹ̀lú lẹ́tà ìgbàwọlé lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀ gan-an.

Kóòṣì JUCO ipele kìíní ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 15 tó lè pín, kò lé kan. Bó bá fi ọ̀kan pamọ́ de ọmọ Ìbàdàn yẹn títí di oṣù kẹjọ, tí físà kò wá, àga yẹn yóò ṣófo nígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní oṣù kọkànlá. Bó bá sì fi fún ọmọ Texas tó wà nílẹ̀, ó ti pàdánù ọmọ tó ga ju gbogbo wọn lọ. Oṣù karùn-ún ló gbọ́dọ̀ ti pinnu.